Oúnjẹ ń tán, ẹlẹ́dẹ̀ ò tóbi: ibo ló ń gbà lọ?

Àgbẹ̀ Gbérígbé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó lé mi kúrò nídìí ẹlẹ́dẹ̀. Gbérígbé ni mo wà, lọ́nà Ìkòròdú. Ẹran 40 ló wà nílẹ̀, mo pín wọn sí yàrá mẹ́rin, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Wọ́n ti lé ní oṣù mẹ́rin, wọn kì í ṣe ọmọ kékeré mọ́. Kílò méjì-méjì ni mo ní kí ọmọọṣẹ́ mi máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Ìyẹn jẹ́ 80 kílò lójoojúmọ́. Kí oṣù tó parí, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù méjì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ẹran yìí ò jọ ẹran tó jẹun tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó máa ń rà lọ́wọ́ mi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yọjú wo yàrá kẹta, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àbí ààwẹ̀ lẹ ní kí wọ́n gbà?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú. Owó PKC, ìyẹn èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀, ò ṣeé gbọ́, sóyà ti di ohun tí à ń wò láti òkèèrè, àgbàdo náà sì rèé, àwa àti ẹlẹ́dẹ̀ la jọ ń dupò ẹ̀. Ọkàn mi ń sọ pé kí n dín oúnjẹ wọn kù sí kílò kan àbọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Òkè-Àrò

Má dín nǹkan kan kù! Ọmọ mi, oúnjẹ tí o rà kọ́ ni ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ. Èyí tó bá wọ ikùn ẹ̀ ló jẹ. Bí o bá dín in kù nígbà tí o ò tíì mọ ibi tó ń gbà lọ, èyí tó ń ṣòfò á ṣì máa ṣòfò, èyí tó ń wọ ikùn lo máa dín.

Ṣe nǹkan kan fún mi lọ́la. Mú yàrá kan péré. Kí ẹ tó da oúnjẹ sí i, ẹ fọ ilẹ̀ ẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ẹ wá fi àpò òfìfo dí ẹnu gọ́tà. Wọn 20 kílò fún yàrá náà lórí òṣùwọ̀n, má fojú wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá jẹun tán, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó da omi sílẹ̀, gbá gbogbo ohun tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri, kó èyí tó ṣàn dé ẹnu àpò. Yọ ìgbẹ́ kúrò. Sá a sórí ọ̀rá kó gbẹ dáadáa, kí o wá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Má sọ ìdí ẹ̀ fún ọmọọṣẹ́ ẹ o, torí bó bá mọ̀, ó máa rora da oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, padà wá bá wa níbí.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ. Nínú 100 náírà tí àgbẹ̀ ń ná lórí ẹlẹ́dẹ̀, 60 sí 70 ló ń bá oúnjẹ lọ, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dé oko tí wọ́n ti ní ẹran ò sanra, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ò kan àìsàn rárá. Ẹ̀yin náà, ẹ dá mi lóhùn: irú ọpọ́n wo lẹ fi ń bọ́ wọn? Omi ńkọ́, ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn tọ̀sán-tòru? Ìgbà wo lẹ fún wọn ní oògùn aràn kẹ́yìn? Kí ni ọmọọṣẹ́ yín fi ń wọn oúnjẹ? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀.

Bíríkìlà Ṣágámù

Ẹ ṣeun, Dókítà, ọpọ́n tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí mo ti mọ láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú ò lóǹkà. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi ni pé, "Bíríkìlà, sáà ṣe gọ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún wa." Wọ́n á ní kí n fẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bó bá ti fẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sínú ẹ̀. Kò ní pẹ́, òun fúnra ẹ̀ á wọlé síbẹ̀, á sùn, á tọ̀ sí i. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge. Nínú oúnjẹ tẹ́ ẹ fowó rà ló ti ń ṣoge yẹn.

Ọpọ́n tó dáa, ìsàlẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bí ìdajì páìpù. Èmi a máa la páìpù PVC ńlá sí méjì, mo máa fi tẹ sìmẹ́ńtì nígbà tó ṣì tutù kó lè gba àwòrán ẹ̀. Bí kò bá sí igun nínú ẹ̀, ahọ́n ẹlẹ́dẹ̀ á lá a dé ìsàlẹ̀. Inú igun ni oúnjẹ máa ń sá pamọ́ sí tó fi ń kan. Ètè ọpọ́n, kó tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ẹ wo ẹlẹ́dẹ̀ bó ṣe ń jẹun: kì í ṣe bíi ewúrẹ́ tó ń ṣa nǹkan jẹ. Imú ló fi ń wú u, á tì í síwájú, á gbé e sókè, bí ẹni pé iṣu ló ń wà. Bí ètè ọpọ́n bá tẹ̀ wọnú, ohun tó wú sókè á padà bọ́ sínú. Bó bá là gbayawu, ilẹ̀ ló ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin dábùú ọpọ́n, kí orí kọ̀ọ̀kan ní àyè tiẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti ń sún mọ́ títà, àyè tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni èjìká ẹ̀ ń fẹ́. Mẹ́wàá nínú yàrá kan, mítà mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọpọ́n tí mò ń bá níta ò ju mítà kan àbọ̀ lọ: márùn-ún á máa jẹ, márùn-ún á máa jà. Ibi tí wọ́n ti ń jà ni oúnjẹ ti ń fò.

Ó ku ti sìmẹ́ńtì tí wọn ò pò dáadáa. Oúnjẹ tó kan máa ń jẹ sìmẹ́ńtì. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, inú ọpọ́n á di gbágungbàgun, ihò á wà níbẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì nìkan láìsí yanrìn rẹ́ ẹ, kí ẹ dán an títí á fi máa yọ̀. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá gbé e, kó lẹ táìlì sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo táyà tí wọ́n là sí méjì, mi ò bú yín, àmọ́ ẹ kàn án mọ́lẹ̀, torí ẹlẹ́dẹ̀ á dojú ẹ̀ dé kẹ́ ẹ tó yíjú.

Àgbẹ̀ Gbérígbé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá wa, mo ṣe é o.

Mo dúró ti yàrá kejì láti nǹkan bí aago méje àárọ̀. Kí n tó sọ iye tí mo gbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọmọọṣẹ́ mi gbé báàfù, ó dúró lẹ́yìn ògiri, ó da gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo látòkè. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta ti wà nísàlẹ̀, orí wọn ni apá kan bọ́ sí. Wọ́n gbọn etí, oúnjẹ fọ́n ká bí ìyàngbò lójú afẹ́fẹ́. Ọ̀kan gbẹ́nu kún, ó yíjú padà, ó lọ mu omi ní igun kejì, oúnjẹ ń jábọ́ lẹ́nu ẹ̀ títí dé ìdí omi. Bó bá mu ún tán, á padà wá, á tún gbẹ́nu kún, á tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo kà. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń dé ilé ẹlẹ́dẹ̀ yìí láràárọ̀, mi ò dúró wò wọ́n jẹun rí. Màá dé, màá ka orí wọn, màá bínú, màá lọ.

Èyí tí mo gbá jọ nírọ̀lẹ́ ti wú, ó rí bí ẹ̀bà tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Mo sá a fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó gbẹ tán, kílò 2.6 ló jẹ́. Nínú 20! Mo bá a ṣírò fún yàrá mẹ́rin: ó lé ní kílò mẹ́wàá lójúmọ́, ó lé ní 300 kílò lóṣù. Àpò oníkílò 50 mẹ́fà ni mò ń fomi ṣàn lọ sí gọ́tà lóṣooṣù, tí mo sì tún ń fowó ra òmíràn. Mo jókòó sórí àpò, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ìyá Òkè-Àrò

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èyí tó pò mọ́ ìgbẹ́ tó ò lè yọ, ìyẹn ò sí nínú ìwọ̀n yẹn o.

Iṣẹ́ tó kàn ò gba kọ́bọ̀. Kí ọmọọṣẹ́ má da oúnjẹ látòkè mọ́. Kó sún mọ́ ọpọ́n, kó rora tú u láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kó má sì da gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì lákọ̀ọ́kọ́, bí wọ́n bá lá a tán, kó da ìyókù. Ọpọ́n tó bá kún dẹ́nu, ṣe lò ń pe ẹlẹ́dẹ̀ wá fi oúnjẹ ṣeré. Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọpọ́n gbọ́dọ̀ mọ́ bí àwo tí ọmọdé lá. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé o fún wọn jù, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ yẹn ti bu, ó sì lè jẹ́ pé ara ọ̀kan nínú wọn ò yá. Bí mo ṣe ń mọ ẹran tó fẹ́ ṣàìsàn nìyẹn kó tó dùbúlẹ̀.

Má da tuntun lé àṣẹ́kù lórí láé. Èyí tó kan á ba èyí tó dáa jẹ́.

Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ lèmi ń ṣe. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bíi tiwa, ooru ọ̀sán kì í jẹ́ kí oúnjẹ wù ú, á kàn máa fi imú yí i kiri ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Kí ló dé tí ẹ ò kàn fomi pò ó? Èèpo pákí lèmi ń lò, pẹ̀lú PKC àti sóyà díẹ̀. Gbígbẹ tẹ́ ẹ̀ ń fún wọn ló fi ń fò. Tèmi, mo fomi pò ó, kò sí eruku, wọn kì í sì í sáré lọ sídìí omi kí wọ́n tó jẹ tán.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Òótọ́ wà níbẹ̀. Èyí tó gbẹ tó sì kúnná bí ìyẹ̀fun, èémí imú wọn á máa fẹ́ ẹ dànù, eruku ẹ̀ á sì máa dà wọ́n láàmú. Omi máa ń dín ìyẹn kù gan-an. Ṣùgbọ́n nínú ooru wa yìí, èyí tẹ́ ẹ pò láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti kan. Ẹ pò ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ tán lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fọ ọpọ́n lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé èèrí ọkà tútù láti ilé iṣẹ́ ọtí bíà, ẹ rántí pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ ló jẹ́ omi. Ọjọ́ mélòó kan péré ló fi ń dáa. Ẹni tó gbé odindi ọkọ̀ kan wálé fún ẹlẹ́dẹ̀ 20 torí pé ó pọ́ọ́kú, omi ló rà, púpọ̀ nínú ẹ̀ á sì bu kí wọ́n tó jẹ dé ìdí ẹ̀.

Ní ti èèpo pákí, ẹ má fún wọn ní tútù, májèlé sáyánáìdì wà lára ẹ̀. Àwọn ará ILRI, àwọn tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, ti fi han àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè rin èèpo náà, kí wọ́n fún omi ẹ̀ bíi ti gàrí, kí wọ́n wá sá a. Láàárín ọjọ́ kan ló ń gbẹ, dípò ọjọ́ méjì mẹ́ta tó fi ń wà lẹ́bàá títì tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Àmọ́ purotéènì inú ẹ̀ kéré. Bí sóyà tàbí GNC, ìyẹn ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀, ò bá bá a rìn tó, ẹlẹ́dẹ̀ á jẹ, á yó, á yàgbẹ́, kò ní tóbi. Òfò tí òṣùwọ̀n Ìyá ò lè mú nìyẹn, torí pé inú ikùn ló ti ṣẹlẹ̀.

Ológbò Mẹ́ta

Ṣé kò sẹ́ni tó máa mẹ́nu ba eku ni? Eku ńlá kan lè jẹ tó giramu 25 sí 30 lójúmọ́. Ẹ pè é ní nǹkan kékeré. Tí eku 100 bá wà nínú ilé oúnjẹ yín (ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan lọ́sàn-án gangan, wọ́n ti pọ̀ jù nínú ihò), kílò mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ lóòjọ́, ó ń lọ sí 90 kílò lóṣù. Èyí tí wọ́n tọ̀ sí, tí wọ́n yàgbẹ́ sí, àti àpò tí wọ́n dá lu, mi ò tíì kà á mọ́ ọn.

Ẹ gbé àpò kúrò nílẹ̀, ẹ to pákó sábẹ́ ẹ̀. Ẹ fi àlàfo tí èèyàn lè gbà kọjá sáàárín àpò àti ògiri, torí ibi tí ìgbálẹ̀ ò dé ni eku ń bímọ sí. Èyí tẹ́ ẹ tú ẹnu ẹ̀, dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ dà á sí. Ihò ara ògiri, ẹ fọ́ ìgò sí i kẹ́ ẹ tó fi sìmẹ́ńtì dí i. Mo ní ológbò mẹ́ta bí orúkọ mi ṣe wí, àmọ́ kí n sòótọ́, ọ̀lẹ ni méjì nínú wọn.

Àkókò òjò, ẹ má ra ju ohun tí ẹran máa jẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Bẹ́ ẹ bá ra àgbàdo tí kò gbẹ dénú, á bu, èébu yẹn sì ń mú májèlé wá tó ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́. Mo gbọ́ káwọn èèyàn máa sọ pé "ẹlẹ́dẹ̀ ló máa jẹ ẹ́, kò mọ̀ ọ́n". Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àgbẹ̀ Gbérígbé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ mìíràn ti tún jáde. Dókítà béèrè ohun tí ọmọọṣẹ́ fi ń wọn oúnjẹ. Rọ́bà pẹ́ńtì ni. Nígbà tí PKC ṣì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń lọ̀ fún mi, mo wọn rọ́bà yẹn, mo ní iye báyìí ló jẹ́ kílò 20 fún yàrá kan. Nígbà tí PKC wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wheat offal, ìyẹn èèpo àlìkámà, púpọ̀ sí i. Wheat offal fúyẹ́ bí ìyẹ́ ni! Lánàá, mo gbé iye rọ́bà kan náà sórí òṣùwọ̀n. Kílò 15.

Mo wá rò ó pé, bó bá jẹ́ kílò 15 là ń dà fún wọn, kí ló dé tí àpò ń tán bó ṣe ń tán tẹ́lẹ̀? Mo gbé àpò kan tí wọn ò tíì tú sórí òṣùwọ̀n. Èyí tí mò ń pè ní oníkílò 50, kò pé 38. Mo gba ilé ìlọ oúnjẹ tí mo ti ń rà á lọ. Ẹni tó ń ránnu àpò níbẹ̀ wojú mi, ó ní, "Ọ̀gá, àpò là ń tà, a ò tà kílò."

Ẹ wò ó, kílò kan àbọ̀ tí mo ní mo fẹ́ dín in kù sí, òun gan-an làwọn ẹran yìí ti ń rí. Ẹ yọ èyí tó ń bọ́ sílẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ebi ló ń pa wọ́n. Obìnrin yẹn ò parọ́.

Ìyá Òkè-Àrò

Mo ní kí o má dín in kù.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ó ti yé wa báyìí. Gbogbo àpò tó bá wọ oko yín, ẹ máa gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì yí ohun tí wọ́n ń pò padà, ẹ tún rọ́bà yẹn wọ̀n.

Ẹran tó lọ mu omi ní ẹ̀ẹ̀mọkànlá, ẹ wo ibi tí omi wà. Bó bá jìnnà sí ọpọ́n, ẹnu tó kún ni wọ́n ń gbé kọjá àárín yàrá. Ẹ gbé e sún mọ́ ọpọ́n, àmọ́ kó má ro sínú ẹ̀. Kílò oúnjẹ kan ń fẹ́ omi lítà méjì sí mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá ń lo irin tí wọ́n ń fẹnu tẹ̀ kí omi tó jáde, ẹ gbé ìgò onílítà kan sábẹ́ ẹ̀: fún ẹran tó tó tiyín, kó kún láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń ṣe tó-tó-tó, ẹlẹ́dẹ̀ á pa oúnjẹ tì.

Ẹran tí kò gba oògùn aràn, aràn lẹ̀ ń bọ́. Ẹ pe dókítà tó wà nítòsí yín kó wọn oògùn fún wọn bó ṣe yẹ ìwọ̀n ara wọn.

Àwọn ìyá ẹlẹ́dẹ̀ náà ńkọ́, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọn? Oyún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 114. Láàárín ìgbà yẹn, kílò méjì sí méjì àbọ̀ tó fún ọ̀pọ̀ wọn lójúmọ́. Ẹni tó ń fún un ní mẹ́rin, ọ̀rá ló ń kó lé e lára, ìbímọ á sì nira fún un. Bó bá bímọ tán tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọ̀rọ̀ yí padà: kílò méjì fún òun fúnra ẹ̀, ìdajì kílò lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́mọ mẹ́wàá, kílò méje. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń ṣe òdìkejì ẹ̀: aboyún ń jẹ yó, ìyá ọmọ ń rù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ń dá ẹran dúró de Kérésì. Ẹlẹ́dẹ̀ oníkílò 30 tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa lè sọ kílò oúnjẹ méjì sí méjì àbọ̀ di kílò ara kan. Bó bá ti lé ní 100, ó lè gba mẹ́rin. Ìyókù ń di ọ̀rá. Ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé owó Kérésì dùn.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ńlá, kó lo tépù aránṣọ. Ẹ wọn àyíká àyà ẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ wọn gígùn ẹ̀ láti àárín etí méjèèjì dé ìdí ìrù. Ẹ kọ méjèèjì ní mítà. Ẹ fi àyíká àyà lu ara ẹ̀, ẹ fi gígùn lù ú, ẹ wá fi 69.3 lù ú. Bí àyà bá jẹ́ mítà 1.1, tí gígùn náà jẹ́ 1.1, ẹran yẹn ń lọ sí kílò 92. Ó lè fi díẹ̀ yẹ̀, àmọ́ ó sàn ju ojú ẹni tó fẹ́ rà á lọ.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Láti orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ń ka ọ̀rọ̀ àpò tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ó rán mi létí nǹkan. Lọ́dún 1997, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà, àrùn tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ tó sì ń bá nǹkan àlòkù rìn, jà lọ́dọ̀ wa níbí, ó sì dé ọ̀dọ̀ yín ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà. Àpò àlòkù tí ẹnì kan ti kó oúnjẹ sí ní oko mìíràn, ẹ má jẹ́ kó wọlé, ohun yòówù kí wọ́n tà á. Àṣẹ́kù oúnjẹ ilé oúnjẹ àti ti ibi àríyá, ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé òun ló máa dín owó oúnjẹ kù. Bí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bá wà nínú ẹ̀, ikú lẹ gbé wálé. Èmi ò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tẹ́ ẹ̀ ń gbá nílẹ̀ náà, ẹ má dà á padà fún ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ kó o mọ́ ìgbẹ́ wọn lọ sí oko. Ọgbà Songhaï tó wà lọ́dọ̀ wa ní Pọ̀tónóò, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì ìdáná.

Ìyá Òkè-Àrò

Ẹ ṣeun, ará Àjàṣẹ́. Ẹni tó wà ní Òkè-Àrò lọ́dún 2020 tí ibà yẹn pa ẹlẹ́dẹ̀ wa ò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ẹran tó kú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tà á, ẹ ka gbogbo àpò tó ti jẹ.

Àgbẹ̀ Gbérígbé

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo ti tún ọpọ́n yàrá méjì ṣe bí Bíríkìlà ṣe sọ, wẹ́dà ti fi irin sí i. Yàrá méjì tó kù, owó ò tíì tó, àmọ́ ọmọọṣẹ́ ti ń rora da oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí mo fi èyí tí mo kọ́kọ́ gbá hàn án lórí òṣùwọ̀n, tí mo sọ fún un pé àpò mẹ́fà nìyẹn lóṣù, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Láti ìgbà yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ń bá àwọn ẹlẹ́dẹ̀ jà lórí èyí tó bọ́ sílẹ̀. Mo ń ra oúnjẹ ní kílò báyìí, níbòmíràn, wọ́n sì ń rí kílò méjì wọn lóòótọ́.

Mo tún yàrá kejì gbá: giramu 700 nínú kílò 20. Inú mi dùn. Yàrá kẹta ló ń dà mí lọ́kàn rú, kílò 1.9 ló ṣì ń dànù níbẹ̀. Akọ kan wà níbẹ̀ tí kò lè jẹun lójú kan. Á jẹ níbí, á lọ ta àwọn yòókù kúrò níbi tiwọn, á wú u sókè, á tún lọ. Òun nìkan ló tóbi níbẹ̀. Ṣé kí n dá yàrá fún un ni?

Ìyá Òkè-Àrò

Ṣé o ti fi tépù wọ̀n ọ́n?

Àgbẹ̀ Gbérígbé

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àyà ẹ̀ jẹ́ mítà kan géérégé, gígùn ẹ̀ 1.02. Ó lé díẹ̀ ní kílò 70.

Ìyá Òkè-Àrò

Pe obìnrin tó bi ọ́ nípa ààwẹ̀ yẹn. Sọ fún un pé ọ̀kan ti ṣínu.